A Kì Í Ka Ọmọ Fún Ọlọ́mọ

Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni pé, "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀." Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọmọdé ti gbọ́n tó, kí ó jí ní agogo márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, kí ó gba àdúgbò wa ní Ìlódè kọjá. Ìlódè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtayébáyé ìlú Ifẹ̀, ilé oríṣiríṣi ẹ̀sìn ló sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ojúlé àwọn onígbàgbọ́, yóò gbọ́ agogo kékeré, yóò gbọ́ orin, yóò gbọ́ ohùn bàbá tí ń ka Bíbélì bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gbọ́ "Àmín" tó pọ̀ ju àdúrà lọ. Àwọn ọmọdé ló ni ín. Wọ́n ti mọ̀ pé ibi tí "Àmín" bá wà ni ilẹ̀kùn wà, wọn kì í sì í fẹ́ kí ilẹ̀kùn náà pẹ́ kí ó tó ṣí.

Ní ilé tèmi náà, àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Iye wọn kò kàn yín, nítorí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èyí tó kéré jù nínú wọn kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà tí a ka ìtàn Sámúẹ́lì kékeré ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí Olúwa ti pè é lóru tó sì rò pé Élì ni. Ọmọ náà tẹ́tí sílẹ̀ gidi, inú mi sì dùn pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó di ọ̀sán, mo pè é kí ó wá gba owó lọ ra gààrí. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò dáhùn. Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, kẹ́kẹ́ pa. Mo bá dìde, mo lọ bá a níbi tó ti ń fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò. Mo ní, "Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Ó ní, "Mo gbọ́, sà. Ẹ ò tíì pè mí pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni."

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná. Èmi tí mo ti gbé ọwọ́ sókè kò mọ ohun tí n ó fi ọwọ́ náà ṣe mọ́. Ṣé mo fẹ́ na ọmọ ni, àbí mo fẹ́ na Bíbélì?

Ìyá tó bí bàbá mi kì í rẹ́rìn-ín báyìí. Ilé kan náà ni a jọ gbé nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí a bá ṣe irú àpárá bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Á ní, "Ẹ rọra o. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ." Nígbà náà, mo rò pé ìyá àgbà kan le ni. Ìgbà tí mo di oníṣẹ́ ìwé ìròyìn, tí iṣẹ́ ń gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ìlú àti ìtàn ìjọ, ni ó tó yé mi pé ohun tí ojú ìyá náà rí ló ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò gùn. Ẹ̀rín tí à ń rín sí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ọdún márùn-ún, kì í ṣe ohun tí a bá nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ni a fi rà á. Àdúrà wà nínú owó náà, omi wà nínú rẹ̀, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí á tú àpò náà wò.

ORÚKỌ TÍ A FI Ń BÁ IKÚ ṢE ÀWÀDÀ

Ní ayé àwọn ìyá wa àgbà, ìyá lè bí mẹ́jọ kí ó sin márùn-ún. Ibà wà, gìrì wà, ìgbẹ́ gbuuru wà, èéyi tí àwọn mìíràn ń pè ní inárun wà, ṣọ̀pọ̀ná tí wọn kò jẹ́ pe orúkọ rẹ̀ tààrà náà wà. Nígbà tí ikú bá ti mú ọmọ lọ léraléra nínú ilé kan, wọ́n á ní àbíkú ni. Wọ́n á ní ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, pé ó ní ẹgbẹ́ lọ́run tó ń pè é. Wọ́n á so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí ariwo rẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ náà. Babaláwo á ṣe tirẹ̀, oníṣègùn á ṣe tirẹ̀, ọmọ á sì tún lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa á lówe pé, àbíkú sọ olóògùn dèké.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ohun tí àwọn òbí náà fi ẹnu wọn ṣe. Wọ́n sọ ọmọ ní Málọmọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Kòkúmọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Dúrójayé. Ẹ̀bẹ̀ nìwọ̀nyí. Bánjókòó, Rótìmí, ẹ̀bẹ̀ náà ni, bí ìgbà tí a ń bẹ àlejò pé kí ó má tíì dìde. Dúrósinmí, ìyẹn ni pé bó o bá máa lọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ ná. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ bá sú wọn, wọ́n á bọ́ sí yẹ̀yẹ́. Wọ́n á sọ ọmọ ní Kòsọ́kọ́: ọkọ́ ti tán, kò sí ohun tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ fún ọ. Wọ́n á sọ ọ́ ní Àkísàátán: àkísà tí a ó fi wé ọ ti tán pátápátá. Wọ́n á sọ ọ́ ní Igbẹ́kọ̀yí: igbó pàápàá ní òun ò gba eléyìí. Àwọn mìíràn á pe ọmọ wọn tó rẹwà ní Ajá, kí ojú ẹgbẹ́ ọ̀run má baà wọ ọ́.

Ẹ má rò pé orúkọ àwọn mẹ̀kúnnù nìkan ni. Kòsọ́kọ́ tó jọba ní Èkó láti 1845 sí 1851, irú orúkọ yìí ló ń jẹ́. Ọba aládé, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pè é, ọ̀rọ̀ ọkọ́ àti ilẹ̀ gbígbẹ́ ni wọ́n ń sọ.

Àwọn baba wa mọ àwàdà ṣe, ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n àwàdà ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni. Bí ọmọ ọwọ́ bá kú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún ìyá rẹ̀ kò pọ̀: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ó parí náà nìyẹn. Ẹkún rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù. Ibẹ̀ náà ni èèwọ̀ tí mo fi ṣe àkọlé yìí ti wá. Ẹni tó bá ka ọmọ ọlọ́mọ, ó dà bí ẹni tó ń ṣírò rẹ̀ fún ikú. Bí àlejò bá bi ìyá àgbà mi pé ọmọ mélòó ni ẹ bí, èsì rẹ̀ ni, "Olúwa ṣe é, a dúpẹ́." Òǹkà kankan kò sí níbẹ̀.

HÁNÀ ÀTI SÁMÚẸ́LÌ

Ní ọdún 1821, àwọn tí ń kó ẹrú kọlu ìlú Òṣogùn, wọ́n sì kó ọmọkùnrin kan tí kò ju bí ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá lọ. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ òkun, kí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti di onígbàgbọ́, tó gba orúkọ Samuel Crowther. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó wà ní Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run nígbà tí wọ́n mú obìnrin arúgbó kan wá bá a. Ìyá rẹ̀ ni, Àfàlà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá tí wọn kò ti fojú kan ara wọn. Ní 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi. Orúkọ wo ni wọ́n fún un? Hánà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì, ẹ mọ̀ pé Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì, obìnrin tó sunkún títí ó fi rí ọmọ gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè àti lórí àga ìwàásù ni ẹ̀sìn Kristi ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní tèmi o, ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ló jẹ́ kí ó wọlé. Ìyá tó ti sin ọmọ mẹ́rin, tó wá gbọ́ pé obìnrin kan wà láyé àtijọ́ tó bẹ Ọlọ́run fún ọmọ, tí ọmọ náà sì dúró tó dàgbà tó di wòlíì, ṣé a tún ní láti máa bẹ irú ìyá bẹ́ẹ̀ kó tó jókòó gbọ́ ìyókù?

Àwọn ọmọ fúnra wọn náà ṣe iṣẹ́ tiwọn. Ní 1853, David Hinderer àti aya rẹ̀ Anna wá gbé ní Ìbàdàn, níbi tí à ń pè ní Kúdẹtì lónìí. Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Olúnlọ́yọ̀ fi ọmọ méjì lé wọn lọ́wọ́, Akínyẹlé ọmọkùnrin àti Yéjídé ọmọbìnrin. Ẹ rò ó wò o. Ní ayé tí ọmọ kò láyọ̀lé yìí, bàbá kan mú ọmọ tirẹ̀, ó fà á fún òyìnbó tí kò tíì mọ̀ dáadáa. Anna kò bí ọmọ kankan rí, ṣùgbọ́n Ìyá ni àwọn ọmọ tó kún ilé rẹ̀ ń pè é. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, tí ọ̀nà etíkun dí, nǹkan há mọ́ wọn lọ́wọ́ fún ọdún bíi márùn-ún. Ẹrù ilé ni wọ́n ń tà kí àwọn ọmọ tó lè jẹun. Ní 1865 ni Gómìnà Èkó tó rán Ọ̀gágun Maxwell láti la igbó Ìjẹ̀bú kọjá lọ gbé Anna jáde. Ó tún padà wá lẹ́yìn náà. Ní 1869 ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá, ó sì kú ní 1870.

Irú ilé míṣọ́nnì bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti mọ àdúrà àárọ̀ àti ti alẹ́, tí gbogbo ilé, àtọmọdé àtàgbà, ń jókòó yípo ìwé kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n padà sí ilé bàbá wọn, wọ́n gbé e dání lọ. Nígbà tí odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá ní 1884, ọ̀pọ̀ ilé ló wà tó jẹ́ pé ọmọdé nìkan ló mọ ìwé kà níbẹ̀. Bàbá ló ni ilé, ọmọ ló ni ojú ìwé. Ẹ wo bí ayé ti yí! Ọmọ tí kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà mẹ́ta bá jókòó sí, òun ni gbogbo wọn wá ń wò lẹ́nu. Àwọn àgbà kan ní àdúgbò wa ṣì máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín: wọ́n ní bí ebi bá ń pa ọmọ tó ń kàwé, orí tó gùn á di ẹsẹ mẹ́rin péré, kò sì sí ẹni tó lè bi í. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ọwọ́ rẹ̀ tó Bíbélì.

OMI, ÌRÌBỌMI ÀTI ÀRÍYÀNJIYÀN

Ṣé ikú wá dáwọ́ dúró nítorí pé a ti ń kọrin ìsìn? Rárá o. Ọmọ onígbàgbọ́ ń kú bí ọmọ aláìgbàgbọ́. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di iyàn nínú ìjọ.

Ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú gba gbogbo ayé kan, ó sì dé ilẹ̀ wa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Joseph Shadare wà nínú wọn, Sophia Odúnlámì tó jẹ́ tíṣà náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n pe ara wọn. Wọ́n ní àdúrà nìkan ló ń wo àìsàn sàn. Wọ́n tún ní kò tọ́ kí a máa ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́ tí kò mọ ohun tó ń ṣe. Lórí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kúrò nínú ìjọ náà ní 1922.

Lónìí, ó lè dà bíi pé ọ̀rọ̀ àwọn àlùfáà nìkan nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sí ipò ìyá ọmọ. Ẹnì kan ń sọ fún un pé kí ó tètè gbé ọmọ rẹ̀ wá fún ìrìbọmi, kí ó má baà kú láìní orúkọ níwájú Ọlọ́run. Ẹlòmíràn ń sọ fún un pé ìrìbọmi náà kò já mọ́ nǹkan kan, kí ó dúró kí ọmọ dàgbà. Kí ọmọ dàgbà kẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí kò dá a lójú nìyẹn.

Oṣù keje ọdún 1930 ni iná wá sọ ní Òkè-Oòyè, Ilésà. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti ṣe awakọ̀ ẹ̀rọ ńlá tí ń tẹ títì kí ó tó gbọ́ ìpè, bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Ìtàn tí ìjọ Krístì Àpọ́sítélì ń sọ títí dòní ni pé ọmọ kan tó ti kú tó sì jí ló kọ́kọ́ mú kí òkìkí náà kàn. Èrò ya wá láti ìlú gbogbo, tàwọn ti ìgò àti agbè omi lọ́wọ́. Ilésà kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ sí Ifẹ̀, nítorí náà òkìkí náà kò pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ìgbà náà ni ìgò omi àdúrà ti ń wà níbi ìrọ̀rí ọmọ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ìyá àgbà mi ní tirẹ̀, kò sì fi ṣeré. Èmi kì í ṣe ẹni tí yóò bú u. Ẹni tí oríṣiríṣi oògùn ti dójú tì, tó wá di omi àti orúkọ Ọlọ́run mú, ohun tó wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ ló dì mú.

ÒṢÙWỌ̀N NÁÀ DÉ

Ilésà yìí kan náà ni ìtàn tún ti yí padà. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní ọsibítù kan níbẹ̀ tí à ń pè ní Wesley Guild. Ní 1956, dókítà òyìnbó kan dé síbẹ̀, David Morley ni orúkọ rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni òun náà, ọmọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Kò pẹ́ tó fi rí i pé bí òun bá jókòó sí ọsibítù tí òun ń dúró de ọmọ, ọmọ tí wọ́n bá gbé wá á ti fẹ́ẹ̀ kú tán. Ó wá ní kí ìwòsàn máa lọ bá ọmọ nílé. Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n lọ. Wọ́n ń tọ àwọn ọmọ ibẹ̀ lẹ́sẹ̀ láti ọjọ́ tí a bí wọn títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Àwọn nọ́ọ̀sì tó gbọ́ èdè wa ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n ń wọn ọmọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń gbé ọmọ kọ́ sórí òṣùwọ̀n bí ẹni tó fẹ́ ta ẹran. Ọmọ á ké, á fẹsẹ̀ ta, á tọ̀ sí nọ́ọ̀sì lára, àwọn ìyá tó kù á máa rẹ́rìn-ín títí á fi kan ọmọ tiwọn. Iye tó bá wọ̀n, wọ́n á fi àmì sí i lórí káàdì. Ní oṣù kejì, wọ́n á tún fi àmì mìíràn sí i, wọ́n á fa ìlà láti ti àkọ́kọ́ dé ti èkejì. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ìlà bá dúró sójú kan, tàbí tó dorí kodò, ewu ń bọ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń sáré kiri inú ilé. Ojú kò tíì rí i, ìlà ti rí i. Wọ́n á bi ìyá pé kí ni ọmọ ń jẹ, ṣé ẹ̀wà ń wọ inú oúnjẹ rẹ̀ àbí ẹ̀kọ gbẹrẹfu nìkan ni. Bí ibà ni, wọ́n á tọ́jú rẹ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí: wọn kì í gba káàdì náà lọ́wọ́ ìyá. Ilé ni ìyá ń gbé e lọ, òun ló ni ín. Ó lè má mọ A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tí kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ikú ọmọdé dín kù gidigidi ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Káàdì náà gba ibẹ̀ tàn ká àgbáyé, títí dé àwọn orílẹ̀-èdè tí kò sí ẹni tó mọ ibi tí Ìmẹ̀sí-Ilé wà. Morley kúrò ní Ilésà ní 1961, ó sì kú ní 2009. Ní 1975, ọsibítù Wesley Guild di ara ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ifẹ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn náà tẹ̀ lé e. Ní 1963, Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi. Ní 1980, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ṣọ̀pọ̀ná ti kúrò láyé pátápátá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà, ṣe mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ó sì tẹnu mọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára àti omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru. Ní 2020, wọ́n kéde pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti tán ní Áfíríkà.

Ọ̀rọ̀ àbíkú náà, a ti mọ apá kan rẹ̀. Ní 1910, dókítà kan ní Chicago, James Herrick, kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ ọmọ ilé-ìwé kan láti Grenada tí hóró rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Àrùn yìí ni à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS. Gbogbo àbíkú kọ́ ni fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí ibà àti èéyi náà pa tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé tí ikú ti ń padà wá ṣáá, ẹ̀jẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fi ń bèèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀. Nígbà kan rí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí pásítọ̀ ń bi wọ́n ni, "Ṣé ẹ fẹ́ràn ara yín?" Lónìí ó di, "Ẹ̀jẹ̀ yín ńkọ́?"

KÍKÀ ÀTI WÍWỌ̀N

Ìyá mi tọ́jú káàdì tèmi. Inú Bíbélì ni ó fi sí, kì í ṣe ìdí àpótí, nítorí ó ní ibi tí òun máa ń ṣí lójoojúmọ́ nìyẹn. Mo ti rí i. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n ìlà náà hàn. Ó ń gòkè, ó ń gòkè, ó sì já wálẹ̀ níbì kan tí èéyi ti mú mi, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí gòkè.

Ìyá mi sọ fún mi pé ìyá àgbà bá òun jà ní ìgbà àkọ́kọ́ tí òun gbé mi lọ fún wíwọ̀n. Ó ní ṣé àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyí kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni, tí wọ́n wá ń kọ ọ́ sínú ìwé fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù mélòó kan, ìyá àgbà ló ń gba káàdì náà wò kí ìyá mi tó bọ́ bàtà. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n á fi ìka tọ ìlà náà láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí obìnrin kan ládùúgbò wá fi èèwọ̀ àtijọ́ náà bá a wí, ìyá àgbà dá a lóhùn pé, "Ta ló kà á? Wọ́n wọ̀n ọ́n ni. Àwọn baba wa ní a kì í kà wọ́n, wọn ò ní a kì í wọ̀n wọ́n."

Kò sì jù ìgò omi rẹ̀ nù o. Bí wọ́n bá ti ìdí abẹ́rẹ́ dé, á bu omi àdúrà sí mi lórí, á ní "Olúwa, èyí tí nọ́ọ̀sì ṣe ti parí, ó ku tìrẹ." Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá péré, n kò lè jiyàn ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ pẹ̀lú àwọn àlùfáà, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ àlàyé tó dára ju ti ìyá yẹn lọ lórí ọ̀rọ̀ àdúrà àti oògùn.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá ọmọ wẹ́wẹ́, ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé a ti ń gbàgbé. Àwa tí a kò rí ilé tí wọ́n ti sin márùn-ún, a rò pé bí ọmọ ṣe máa ń wà náà nìyẹn. Mo ń gbọ́ kí ìyá kan máa sọ pé òun ò ráyè lọ gba abẹ́rẹ́ kejì, pé ara ọmọ le. Mo ń gbọ́ kí ẹlòmíràn sọ pé ìgbàgbọ́ òun tó. Èéyi ṣì ń pa ọmọ ní Nàìjíríà, àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ ló sì ń pa jù. Kò bèèrè ìjọ tí a ń lọ lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, lọ́la, bí ẹ bá ti ṣe àdúrà òwúrọ̀ tán, ẹ wá káàdì ọmọ yín jáde níbikíbi tí ẹ bá fi sí. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ẹ gbé ọmọ náà pọ̀n. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ó bá ké mọ́ nọ́ọ̀sì, tàbí bí ó bá sọ ohun tí yóò pa gbogbo èrò ibẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ẹ bá wọn rín in dáadáa. Kò sí ìdí tí ẹ ó fi fi ọwọ́ bo ẹnu.